Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Omi Tí Ó Yẹ Kí A Fi Bó Ọ̀dà Lára Ọmọ-Ogun Oníke

Àwọn àgbà wa a máa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná mi ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti wá yé mi dájú. Ohun tí ó sì là mí lóye kò ju ọmọ-ogun kékeré kan tí a fi ike ṣe lọ, èyí tí gíga rẹ̀ kò tó ìka ọwọ́ mi.

Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ni ti àgbàlagbà nínú nǹkan ìṣeré?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ojú, ó kan èémí, ó kan iná, ó sì kan owó. Ẹni tí ó ń ta ọ̀dà, ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, àti ẹni tí ó ní ọmọ tí kì í yé fi ọwọ́ kan ohun gbogbo nínú ilé, gbogbo wọn ni yóò rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

ERÉ OGUN ORÍ TÁBÌLÌ

Àwọn òyìnbó ní eré kan tí àgbà àti ọmọdé jọ máa ń ṣe. Wọn a to òkè kéékèèké, igi àti ilé sórí tábìlì ńlá, wọn a sì to àwọn ọmọ-ogun wọn sí i ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, apá kan níhìn-ín, apá kejì lọ́hùn-ún. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ẹgbẹ́ ogun kan lè rìn dé, dáìsì bíi ti lúdò ni wọ́n sì ń jù láti mọ ẹni tí ó ṣubú.

Eré náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀, ó sì pè é ní Little Wars. Òjé ni wọ́n sábà máa ń fi rọ àwọn ọmọ-ogun ìgbà náà. Nígbà tí ó di ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn kéékèèké tí a fi ike rírọ̀ ṣe. Ní ọdún 1975 ni wọ́n dá Games Workshop sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1983 ni wọ́n gbé eré tí wọ́n ń pè ní Warhammer jáde, Nottingham yìí náà sì ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà lónìí. Ike líle kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polystyrene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ-ogun wọn.

Nígbà tí ènìyàn bá ra àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí, kò sí ọ̀dà lára wọn. Ẹni tí ó rà wọ́n ni yóò gé wọn kúrò lára férémù, tí yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn wọ́n. Wọ́n wọ́n púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra àlòkù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra òkìríkà. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí ẹni àkọ́kọ́ kùn lè má tẹ́ ẹni kejì lọ́rùn.

OHUN TÍ MO FI ỌWỌ́ ARA MI ṢE

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó kọ́ ọmọ mi ọkùnrin ní eré yìí. Nígbà tí bàbá náà kú, ìyàwó rẹ̀ kó 20 nínú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sínú páálí, ó sì gbé e fún ọmọ mi pé kí ó fi máa rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú olóògbé náà kò ríran dáadáa mọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọ̀dà lórí ọ̀dà ni ó kùn, títí tí a kò fi mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu mọ́ lójú wọn. Ọmọ mi ní òun yóò bó ọ̀dà náà, òun yóò kùn wọ́n lọ́tun, òun yóò sì pe ìyá náà kí ó wá wò wọ́n.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi." Ẹ ò rí i pé ẹnu àgbà ni mo fi sọ ọ́!

Oṣù kìíní ọdún ni, òtútù ń mú gan-an, gbogbo fèrèsé ni a sì tì. Mo mú ìgò omi tí ìyàwó mi fi ń nu ọ̀dà èékánná, mo dà á sínú abọ́, mo sì ki ọ̀gágun wọn bọ̀ ọ́, ẹni tí ó na idà sókè. Kò pẹ́ tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Inú mi dùn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ọ̀gágun náà jáde, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Idà rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ ti parẹ́, ara rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí gọ́ọ̀mù. Orí mi náà ti ń fò lọ́tọ̀.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi wọlé. Ó kígbe pé, "Háà, Bàbá wọn! Kí lẹ ń ṣe tí gbogbo ilé ń rùn báyìí? Ẹ ò rí i pé iná gáàsì ń jó lórí sítóòfù ni?" Ó pa iná náà, ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Èmi kò lè fọhùn. Kẹ́tùlù omi tíì tí mo gbé kaná kò jìnnà sí abọ́ náà ju apá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni acetone ló wà nínú abọ́, ohun tí ooru rẹ̀ lè gbiná kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ọmọ mi obìnrin tí ó kéré jù lọ sì jókòó sábẹ́ tábìlì náà, ó ń ṣeré.

Ọmọ mi ọkùnrin wo ọ̀gágun náà títí. Kò sunkún. Ó kàn wí pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé kí a ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kí a tó ṣí i." Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti í dun ni tó.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a fi bébà di ọ̀gágun náà, a sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe eré ogun. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń kun ọmọ-ogun láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, acetone ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún mi pé ìbéèrè mẹ́ta ni ènìyàn gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó ṣí ìgò kankan.

Èkíní: kí ni wọ́n fi ṣe ọmọ-ogun náà? Bí ó bá wúwo tí ó sì tutù lọ́wọ́, irin ni, kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òjé wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́, nítorí náà kí ènìyàn má ṣe fi fáìlì ha wọ́n kí ó máa fa eruku rẹ̀ símú, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Bí ó bá fúyẹ́ tí ó sì le, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ polystyrene. Oríṣi kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní resin, tí wọ́n dà bí omi sínú mọ́ọ̀dù kí ó tó dì. Òun a máa rọ̀ tàbí kí ó wú nínú omi tí kò ṣe polystyrene ní nǹkan kan. Bí a kò bá mọ èyí tí ó jẹ́, kí a kà á sí èyí tí ara rẹ̀ kò le.

Èkejì: irú ọ̀dà wo ni ó wà lára rẹ̀? Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀dà tí wọ́n ń lò fún eré yìí lónìí ni à ń pè ní acrylic. Omi ni a fi ń là á, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbẹ, omi kò lè ṣí i mọ́. Ọ̀dà olóròóró tí a fi tọ́pẹ́ńtáìnì là a máa ṣòro ṣí jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta: kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Gúlúù kan wà fún ike polystyrene tí ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n yóò sì di ọ̀kan ṣoṣo nígbà tí ó bá gbẹ. Èyí kì í tú mọ́. Ṣùgbọ́n gúlúù tí ó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí ń lẹ ìka ènìyàn pọ̀, lè tú nínú omi ìbóọ̀dà, kí apá àti orí ọmọ-ogun wá máa já sílẹ̀.

Ibi tí ó ti sọ ti gúlúù yìí ni ojú mi ti là. Bí gúlúù bá lè yọ́ ike, a jẹ́ pé omi tí ó bá gúlúù náà tan kò yẹ fún ike láti wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé náà lè rí i kedere. Páàkì funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ máa ń bu ìrẹsì sí, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní ọdún 2024, polystyrene kan náà ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí bẹntiróò bá ta sí irú páàkì bẹ́ẹ̀ rí yóò ti rí i bí ó ti ń sún kì, tí ó sì ń lu. Ara epo rọ̀bì ni àwọn méjèèjì ti wá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí wọ́n bá pàdé, wọn a wọra.

ÀWỌN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ LÒ

Acetone, tínà tí àwọn akunlé àti akunmọ́tò ń lò, àti bẹntiróò: ìwọ̀nyí yóò yọ́ ike náà, iná sì ń bẹ nínú wọn. Bẹntiróò kò gbọdọ̀ wọ inú ilé rárá.

Tọ́pẹ́ńtáìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀: bí ike bá pẹ́ nínú wọn, ó lè rọ̀, tàbí kí ó di ohun tí ń ṣẹ́ bí ẹ̀ka gbígbẹ.

Ìbóọ̀dà tí ó ní dichloromethane nínú: èyí ni ó burú jù. Kì í ṣe ike nìkan ni ó ń pa. Bí ènìyàn bá fa ooru rẹ̀ símú, ara a sọ apá kan rẹ̀ di èéfín olóró kan náà tí ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi í bó ọ̀dà inú ọpọ́n ìwẹ̀ nínú yàrá tí kò sí afẹ́fẹ́. Láti ìparí ọdún 2011 ni òfin àwọn ìjọba Yúróòpù ti ní kí wọ́n má tà á fún aráàlú mọ́ fún ọ̀dà bíbó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019.

Omi bíréèkì mọ́tò: àwọn kan máa ń lò ó láyé àtijọ́. Májèlé ni bí a bá gbé e mì, kò sì dára fún awọ ara. Ìdí kankan kò sí tí a ó fi máa lò ó nígbà tí èyí tí ó sàn jù wà.

Omi ìfọ-ààrò tí ó ní kọ́sítíìkì sódà nínú: ó lè ṣí ọ̀dà láìba ike jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn aṣeọṣẹ mọ ohun tí kọ́sítíìkì ń fi awọ ènìyàn ṣe. Bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá ta sójú, ó lè fọ́ ojú. N kò jẹ́ fi í sílé tí ọmọ wà.

ÀWỌN TÍ A LÈ YÀN

Àkọ́kọ́ ni sípíríìtì tí wọ́n ń pè ní isopropyl, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu awọ ara kí wọ́n tó gún ni lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lómi nínú ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ń rọ ọ̀dà acrylic láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í yọ́ polystyrene. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbiná, ó ń tú gúlúù, kò sì yẹ fún resin. Sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n májèlé ni bí ènìyàn bá mu ún.

Èkejì ni Dettol, èyí tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Láti àwọn ọdún 1930 ni ó ti wà lọ́jà. Sípíríìtì wà nínú rẹ̀, òróró igi páìnì wà níbẹ̀, àti chloroxylenol tí ń pa kòkòrò. Kò yára bíi ti àkọ́kọ́. A máa gbà tó wákàtí 24, láìlà á. Àléébù tirẹ̀ ni pé a máa ta awọ ara bí a kò bá là á, májèlé sì ni fún ológbò àti ẹja.

Ẹ̀kẹta ni ìbóọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé kì í ba ike jẹ́. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ rà, tí ó sì tẹ̀ lé ohun tí a kọ síbẹ̀, kò ní kábàámọ̀.

BÍ A TI ṢE TIWA

Ilé wa kò ní ológbò, ṣùgbọ́n ó ní ọmọdé àti iná gáàsì. Nítorí náà Dettol ni èmi àti ọmọ mi yàn. A kò ṣe é nínú ilé ìdáná mọ́. Ilé pákó kékeré tí ó wà lẹ́yìnkùlé ni a ti ṣe é, a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a sì fi awò bo ojú.

A kọ́kọ́ dán an wò lára ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀. A fi í sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí a rí i pé ike rẹ̀ kò rọ̀, tí kò sì lẹ̀ mọ́wọ́, a kó àwọn 18 tí ó kù sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí ó ní ìdérí, a sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Gbogbo wa ti rí i pé bí a bá da Dettol sínú omi, a funfun bí omi ògì. Bí ọ̀dà tí ó ti rọ̀ bá wà nínú rẹ̀, tí a sì yára da omi sí i, ńṣe ni ọ̀dà náà yóò dì, tí yóò sì máa fà bí ọ̀dà títì, kò sì ní ṣeé nù. Nítorí náà Dettol gbígbẹ, láìsí omi, ni a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó ha wọ́n nínú rẹ̀. A ṣan wọ́n nínú Dettol mìíràn tí ó mọ́. Ìgbà tí ọ̀dà ti kúrò tán ni a tó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n. A rọra ha wọ́n, nítorí imú tí kò tó orí abẹ́rẹ́ kò fẹ́ agbára. Apá méjì já, nítorí gúlúù wọn tú. A tún wọn lẹ̀. A kò da ìdọ̀tí náà sínú gọ́tà. Bébà ni a fi nù ún, a jẹ́ kí ó gbẹ níta, a sì gbé èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìgò lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà kúrò, ojú àwọn ọmọ-ogun náà yọ. Ọ̀kan ní irùngbọ̀n, ọ̀kan ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́, ọ̀kan la ẹnu bí ẹni tí ń kígbe. Ọmọ mi fi oṣù méjì kùn wọ́n. Nígbà tí ìyá opó náà wá, ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bèèrè ọ̀gágun. Mo jẹ́wọ́. Ó wo ike tí ó ti yọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a má ṣe jù ú nù. Ó wà lórí àpótí ìwé mi títí di òní. Ọmọ mi ni ó gbé e síbẹ̀, ó ní kí n máa rí i.

Ẹ JẸ́ KÍ N PARÍ RẸ̀ BÁYÌÍ

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe bu sípíríìtì, tínà tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, ẹ má ṣe fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe po oògùn ìfọṣọ funfun mọ́ ohun ìfọ̀nù mìíràn pé kí ó lè lágbára sí i. Èéfín olóró lè jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta bàbá yẹn. Ohun tí a fẹ́ mú kúrò, ohun tí a kò fẹ́ kí ó bàjẹ́, àti ohun tí ó so wọ́n pọ̀: ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní bẹ́ orí nítorí pé orí ń fọ́. Àwọn àgbà sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.